Igi Tí Igbó Kò Ní Mọ́

Létí odò Schuylkill ní Philadelphia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà kan wà tí John Bartram, àgbẹ̀ ọmọ ìjọ Quaker, dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rà ní 1728. Àlejò yóò rí igi ginkgo arúgbó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kékeré olódòdó funfun kan ló yẹ kó dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró: Franklinia.

Ní 1765, Bartram àti William ọmọ rẹ̀ rí i létí odò Altamaha ní Georgia. William padà lọ, ó sì mú irúgbìn rẹ̀ wá sílé. Láti 1803, kò sẹ́ni tó rí i nínú igbó mọ́. Gbogbo Franklinia tó wà láyé lónìí, irú-ọmọ èyí tí ìdílé yẹn gbìn ni.

Bí Ẹlẹ́dàá bá ti jẹ́ kí igi kan tán nínú igbó, ṣé ó tọ́ kí èèyàn dá igi náà sí? Àwọn kan lè pè é ní àyọjúràn. Ọ̀rọ̀ wọn kò tẹ̀wọ̀n tó, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ èèyàn wà nínú ohun tó pa igi náà run.

Bartram fúnra rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré. Ní 1758, ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ torí kò gbà pé Ọlọ́run ni Jésù. Síbẹ̀, ní 1770, ó gbẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sára òkúta ilé rẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹ̀rí agbára Ọlọ́run ni ewéko. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe káwọ́ gbera kí ẹ̀rí náà pòórá?

Ìlú Philadelphia ló ni ọgbà náà láti 1891. Franklinia ṣì ń tanná níbẹ̀.