Ta Ni Ẹ̀rọ Ń Jẹ́rìí Fún?

Oníṣòwò gàrí tó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, olè ni. Gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra kóńgò tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tí kò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi wọn gàrí fún aládùúgbò? Ṣé olè lòun náà? Ọ̀rọ̀ iná ló mú mi béèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ìdílé mẹ́fà, mítà NEPA ẹyọ kan. (NEPA ti kógbá sílé láti 2005, ẹnu wa ni kò tíì gbà.) Gbogbo yín lẹ jọ ń dáwó ra iná, ìjà rẹ̀ kì í sì í tán. Ni ẹnì kan bá ra ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́nu tí wọ́n máa ń há mọ́ ara wáyà, tó ń kọ iye wáàtì sójú. Ó há a mọ́ wáyà yàrá Ìyá Ṣadé níbi tíyẹn ti ń lọ aṣọ, ó ké: "Ẹ wá wò ó o, Ìyá Ṣadé, 960! Ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ iná wa tán!"

Kí ni ẹ̀rọ náà rí gan-an? Áńpíà nìkan, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó. Kò rí fólítì, ìyẹn agbára tó ń ti iná náà. Àwọn tó ṣe é ti sọ fún un pé 240 ni fólítì yóò máa jẹ́ títí ayé. Ó rí áńpíà 4, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 240, ó ní 960. Ẹ̀yin náà sì mọ iná àdúgbò wa. Lálẹ́, ó lè wálẹ̀ dé 180, tí gílóòbù á pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ìlọ́po 180 áńpíà 4 kò ju 720 lọ. Wáàtì 240 ni wọ́n dì ru obìnrin yìí lásán! Ti fíríìjì àti ẹ̀rọ afamisókè tún lọ́jú pọ̀, nítorí wọ́n máa ń dá díẹ̀ nínú iná tí wọ́n fà padà sínú wáyà. Mítà ilé kì í gbowó ìyẹn. Ẹ̀rọ ẹlẹ́nu yìí ń kà á mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé irú rẹ̀ míì wà tó ń wọn fólítì náà, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń béèrè kó tó sanwó?

Mítà ara ògiri pàápàá ń ṣì. Èyí tí wọ́n kọ Class 1 sí lára, wọ́n gbà á láyè kó fi nǹkan bí 1 nínú 100 ṣì í. Èmi ò bá a jà, torí ó kọ ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ sára kí gbogbo ayé rí i.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe é. Áńpíà ni wọ́n bi í, áńpíà ló sì dáhùn. Ènìyàn ló sọ ìdáhùn náà di "ta ni olè?" Tó bá jẹ́ iná yàrá tirẹ̀ ló fi ń ṣọ́, ta ló kàn? Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e síta láti fi dá ọmọlàkejì rẹ̀ lẹ́bi, ó di dandan kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ rí àti ohun tí kò rí. "Mi ò mọ̀" kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rí míì wà lára ògiri.

Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́ lára mítà. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ṣẹ́ dúró fún wáàtì kan fún wákàtí kan. Kí wọ́n pa gbogbo nǹkan yòókù nínú ilé, kí áyọ́ọ̀nù Ìyá Ṣadé nìkan máa jẹ iná, kí wọ́n wo aago. Bó bá jẹ́ 960 ni, iná pupa yẹn á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ 720, ẹ̀ẹ̀méjìlá péré ni. Ìyá Ṣadé fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n jẹ́ kó kà á.