Lórí Wíwá Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí

Láti ọdún 1933, nígbà tí Fritz Zwicky wo agbo àwọn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Coma, tí ó sì rí i pé eré tí wọ́n ń sá pọ̀ débi pé ìwúwo gbogbo ohun tí ń tàn níbẹ̀ kò tó láti so wọ́n pọ̀, ni àwọn onímọ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ ohun aláìtàn jìjàkadì. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ìṣirò òde òní fi hàn pé ó wúwo tó ìlọ́po márùn-ún gbogbo ohun tí ojú rí. Bob Holdom ni ó sì dá a lábàá ní 1986 pé ìmọ́lẹ̀ mìíràn lè wà, ìbátan tiwa, tí kì í fara kan tiwa àfi fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni a ń pè ní fótọ́ọ̀nù òkùnkùn, tí ọ̀pọ̀ ń retí pé yóò ṣe alárinà láàrin wa àti ohun aláìtàn náà.

Ní CERN, ilé ìwádìí kan lẹ́bàá ìlú Geneva, iṣẹ́ NA64 ti ń wá a láti 2016, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá a sì wú mi lórí ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Wọ́n a máa ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 GeV, lu òjé àti ike tí a tò ní ìpele ìpele, ike tí ń kọ mànà bí nǹkan bá gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, bí alájọ tí ń ka owó àjọ lálẹ́, wọ́n á ro agbára tí ó wọlé, wọ́n á ro èyí tí ó hàn. Bí ó bá ju ìdajì lọ tí kò hàn, tí àwọn ẹ̀rọ ẹ̀yìn kò sì gbọ́ nǹkan kan, a jẹ́ pé àlejò kan ti gbé e lọ. Títí di àbájáde wọn ti 2023, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n ti kà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù kan. Wọn kò rí àlejò kankan.

Ǹjẹ́ òfò ni? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbára tí ó ń sọnù ni ó mú Wolfgang Pauli sọ ní 1930 pé ohun kékeré kan ń gbé e lọ, ó sì di 1956 kí Cowan àti Reines tó rí ohun náà, tí a ń pè ní neutrino. Àmọ́, pé ti àná bọ́ sí i kò sọ pé ti òní yóò bọ́ sí i.

Bí oníwàásù kan bá wá sọ pé ohun aláìtàn yìí ni Olódùmarè, èmi kò ní ṣe àmín. Ọba Àìrí, Àwámárìdí, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, kò sí nínú ohun tí a ń fi òjé wọ̀n. Ohun tí ó bá ti lè mú ìṣirò dín, ẹ̀dá ni, bí èmi àti ìwọ. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí àwa onígbàgbọ́ ní láti kọ́ níbẹ̀ kò kéré. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí kò rí àdán, wọn kò sì fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò rí i, wọ́n sì pààlà sí ibi tí kò lè sí mọ́. Àwa ńkọ́? Ọ̀run a dákẹ́ díẹ̀ sí àdúrà wa, kíá, a ti lá àlá, a ti rí ìran, a ti jẹ́rìí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ, bí ẹni pé ìdákẹ́ Ọlọ́run yóò dójú tì wá. Àwọn ti NA64 kò sì tìtorí òfìfo káwọ́ gbera: wọ́n ti ń ta ohun mìíràn tí a ń pè ní mùọ́ọ̀nù, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 160 GeV, láti wá irú àlejò tí kò ní í bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀.