DÚRÓ NÁ NÍ BEERI-ṢEBA

KÍKÀ BÍBÉLÌ: Jẹ́nẹ́sísì 46:1-7; 26:1-6
AKỌ́SÓRÍ: Òwe 19:2 (Ṣí Bíbélì rẹ, kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó tẹ̀ síwájú.)



Ní Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ti parí ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ní Zaria, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ìwé àṣẹ awakọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí tó ti fi wa bàálù kò tó 250. Ọdún méjì ló fi ń pín ìwé kiri ní Ìkẹjà, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ fún un níbi gbogbo: wákàtí rẹ kò tó. Báwo ni wákàtí yóò ṣe tó nígbà tí kò sí ẹni tí yóò fún un ní bàálù wà?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Maun, ní orílẹ̀-èdè Botswana, ló kọ ọ́. Iṣẹ́ náà ni kó máa fi bàálù kékeré gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sí Okavango, ibi tí omi tàn kálẹ̀, tí erin àti kìnnìún ń gbé, tí bàálù sì ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tuntun láti onírúurú orílẹ̀-èdè ló ń lọ síbẹ̀ lọ kó wákàtí jọ. Wákàtí 1,500 ni òfin àgbáyé ń béèrè, yàtọ̀ sí ìdánwò, kí ènìyàn tó gba ìwé àṣẹ tí a fi ń di ọ̀gá awakọ̀ nínú bàálù ńlá. Ó ní, "Dádì, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Ṣé kí n lọ?"

Ilé wọn ti pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó yá wọn lára owó ẹ̀kọ́ sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Màmá rẹ̀, opó tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nítorí owó Zaria, kò sọ ju pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ti ń pè é ní "Captain". Wọ́n ní ìlẹ̀kùn ti ṣí, kí ló tún ń dúró dè?

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, arákùnrin wẹ́dà kan béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ mi nípa iṣẹ́ kan ní òkè òkun. N kò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbàdúrà. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní Olúwa sọ pé kó lọ. Olúwa kò bá mi sọ̀rọ̀. Ayọ̀ ojú rẹ̀ ni mo rí, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò pa á. Nígbà tó dé ọ̀hún, kò sí iṣẹ́. Oṣù 11 ló lò kó tó rí owó ọkọ̀ padà. Kò bá mi jà nígbà tó dé. Ó kàn bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́?"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi. Nítorí náà, mo wí fún awakọ̀ wa pé, "Ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Jẹ́ ká dúró ná."

ÌRAN MẸ́TA, ÍJÍBÍTÌ KAN ṢOṢO

Ìyàn mú ní ayé Ábúráhámù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì (Jẹ́nẹ́sísì 12:10-20). Bíbélì kò sọ fún wa pé ó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kó ẹran ọ̀sìn jọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi òtítọ́ pamọ́ nípa aya rẹ̀, Fáráò sì lé e jáde pẹ̀lú ìtìjú. Ìyàn tún mú ní ayé Ísáákì. Ọlọ́run yọ sí i, ó ní kó má ṣe lọ sí Íjíbítì. Ó dúró, ó fúnrúgbìn ní ilẹ̀ náà, ó sì kórè ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ní ọdún yẹn. Ìyàn tún mú ní ayé Jákọ́bù. Ọlọ́run kan náà sọ fún òun pé kó má bẹ̀rù láti lọ.

Ṣé o rí i? Íjíbítì kan náà ni. Ọlọ́run kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún bàbá yàtọ̀ sí ohun tó sọ fún ọmọ. Ìdí nìyí tí o kò fi gbọdọ̀ fi ẹ̀rí ẹlòmíràn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Pé ọmọ aládùúgbò rẹ lọ tó sì kọ́lé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Olúwa fún ọ. Pé ẹnìkan lọ tó sì ṣòfò, ìyẹn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Olúwa fún ọ. Àwọn kan nínú wa ti sọ òkè òkun di ilẹ̀ ìlérí, àwọn mìíràn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Wá wo Jákọ́bù dáadáa. Ọmọ tó rò pé ó ti kú ló ń pè é. Fáráò fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ti dé, oúnjẹ ìrìn-àjò ti wà nílẹ̀. Ìlẹ̀kùn wo ló tún ṣí ju èyí lọ? Àgbàlagbà náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò lọ. Síbẹ̀, nígbà tó dé Beeri-Ṣeba, ó dúró, ó rúbọ sí Ọlọ́run Ísáákì bàbá rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Beeri-Ṣeba ni Ísáákì ti mọ pẹpẹ (Jẹ́nẹ́sísì 26:23-25), Ísáákì tí Ọlọ́run sọ fún pé kó má lọ sí Íjíbítì! Jákọ́bù kò jẹ́ kí ayọ̀ kẹ̀kẹ́ Fáráò mú un gbàgbé Ọlọ́run bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rù náà wá síwájú pẹpẹ. Lóru, Ọlọ́run dá a lóhùn pé òun yóò bá a lọ, òun yóò sì mú un gòkè padà, ọwọ́ Jósẹ́fù ni yóò sì pa á lójú dé.

Ìlẹ̀kùn tó ṣí kì í ṣe àṣẹ, ìkésíni lásán ni. Ẹni tí yóò bá ọ lọ ló ni àṣẹ.

KÍ BÀÁLÙ TÓ GBÉRA

Ọmọ yìí kọ́ mi ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàálù ńlá bá ń sáré láti gbéra, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní V1. Kí ó tó dé orí eré yẹn, awakọ̀ lè tẹ bíréèkì kó sì dúró bí nǹkan bá ṣe ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti kọjá rẹ̀, ojú ọ̀nà kò gba dídúró mọ́. Kódà bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, gbígbéra ló kù, kó tó wá ọ̀nà àtibalẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á ti ṣírò V1 kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré: bí ẹrù ṣe wúwo tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, bí ojú ọ̀nà ṣe gùn tó.

Olùfẹ́, ìgbà tí o bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni V1 rẹ. Béèrè kí o tó débẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ (Lúùkù 14:28-30).

A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, mo ní kó kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, nítorí àdúrà kò ní ká má ka ìwé. Ó béèrè pé:

1. Ìwé àṣẹ Nàìjíríà nìkan kò tó láti fi wa bàálù wọn. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ta ni yóò san owó rẹ̀?
2. Bí ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò bá jáde ńkọ́?
3. Ṣé owó oṣù ni tàbí owó wákàtí? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà òjò, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá dínkù?
4. Ọdún mélòó ni àdéhùn yóò dè mí, èló ni n ó sì san bí mo bá fẹ́ kúrò?

Ìbéèrè karùn-ún kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ti òun fúnra rẹ̀ ni: ta ni yóò máa mú Màmá lọ sí ọsibítù, báwo ni n ó sì ṣe san gbèsè tó wà nílẹ̀?

Ilé iṣẹ́ náà dáhùn, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún àkókò rẹ̀. Ní ti ìbéèrè kejì, wọ́n ní orí òun fúnra rẹ̀ ni ewu yẹn wà. Ó korò, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. (Bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní iṣẹ́ tó sì ní o kò gbọdọ̀ béèrè nǹkan, tàbí tó ní kí o kọ́kọ́ sanwó kí o tó rí ìwé àdéhùn, o ti rí ìdáhùn sí àdúrà rẹ.) Nítorí èyí, ó fi owó ọkọ̀ àbọ̀ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní kó má ṣe ná an. Ẹnìkan sọ pé àìnígbàgbọ́ ni. Rárá o! Awakọ̀ a máa gbé epo tí yóò gbé e dé pápákọ̀ mìíràn, bí èyí tó ń lọ kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Ẹni tó gbé epo àlékún kì í ṣe aláìgbàgbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá rẹ̀ ló pè é. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rù tèmi ni mo fi ń dá ọ dúró, kì í ṣe Ọlọ́run. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má parọ́ fún mi láti ọ̀hún. Bí ebi bá ń pa ọ́, sọ fún mi." Nígbà tó wá sọ fún mi, mo rí àlàáfíà tí Kólósè 3:15 sọ nípa rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ó lọ. Nígbà òjò àkọ́kọ́, iṣẹ́ fà sẹ́yìn, owó tó wọlé fún oṣù méjì kò tó nǹkan. Ó pe Màmá rẹ̀, ó sọ òótọ́. Kò wárìrì, nítorí ó ti ṣírò rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Wákàtí rẹ̀ kò tíì pé 1,500, ṣùgbọ́n ó ti san lára gbèsè ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

Má rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí sí. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ kan náà, Zaria lòun náà ti kọ́ṣẹ́, irú ìwé yẹn wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Ó gbàdúrà títí, kò ní àlàáfíà láti lọ. Ó gba iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ó ń ṣètò ìwé ìrìn-àjò fún bàálù tí àwọn ẹlòmíràn ń wà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é kí wọ́n tó pè é sí ìjókòó awakọ̀. Ọdún mẹ́ta yẹn kò rọrùn, mo rí omijé rẹ̀. Ẹni tó ń lọ là ń ṣe ìdúpẹ́ fún nínú ìjọ. A kì í pe ẹni tó gbọ́ràn tó sì dúró jáde wá jẹ́rìí. Ó yẹ ká tún un ṣe, nítorí Ọlọ́run Jákọ́bù náà ni Ọlọ́run Ísáákì.

Bóyá ìwọ kì í ṣe awakọ̀ òfuurufú. Bóyá nọ́ọ̀sì ni ọ́, tí físà Ìlú Ọba wà níwájú rẹ, tàbí oníṣòwò tó fẹ́ kó lọ sí Kùtọnu, tàbí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń pè láti Kánádà. Kẹ̀kẹ́ ti dé sí ẹnu ọ̀nà rẹ, àwọn ènìyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Dúró ná ní Beeri-Ṣeba. Oru kan níwájú Ọlọ́run kò ní kí o pẹ́ dé ibi tó ń rán ọ lọ.

ÌGBÉSẸ̀ FÚN ÒNÍ: Kọ ìpinnu tó wà níwájú rẹ sínú ìwé. Kọ ìbéèrè márùn-ún tí o kò tíì béèrè sí abẹ́ rẹ̀. Béèrè ọ̀kan lónìí.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ pé o mọ ilẹ̀ tí mo wà àti ilẹ̀ tí mò ń wò.
2. Olúwa, dárí jì mí níbi tí mo ti fi ìfẹ́ ọkàn mi ṣe ohùn rẹ, fún ara mi tàbí fún ẹlòmíràn.
3. Bí o kò bá ní bá mi lọ, Olúwa, má jẹ́ kí n lọ. Bí o bá ní kí n lọ, mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn mi.
4. Gbogbo ọmọ wa tó ń wá iṣẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi, Baba, gbà wọ́n lọ́wọ́ àdéhùn ẹ̀tàn, kí o sì mú wọn padà rí ojú àwọn òbí wọn láàyè.
5. Fún àwọn tí o ní kí wọ́n dúró, Olúwa, fún wọn ní irúgbìn, kí o sì fún wọn ní sùúrù títí di ìgbà ìkórè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.