Ta Ni Yóò Sin Ọmọ Tí Ó Ti Kú?

Àwọn baba wa a máa wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Ohun ìbànújẹ́ ńlá ni fún wa kí òbí máa sin ọmọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó jẹ́ òfin pé òbí ni yóò sin gbogbo ọmọ tí ó bá kú ṣáájú rẹ̀. Inú Linux ni, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991, tí ó sì yọ̀ǹda fún gbogbo ayé láti yẹ̀ wò àti láti tún ṣe.

Nínú Linux, iṣẹ́ kan ni ó ń bí iṣẹ́ mìíràn, olúkúlùkù sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé orúkọ kan. Nígbà tí ọmọ bá parí iṣẹ́ rẹ̀, a ó gba gbogbo ohun tí ó ń lò, ṣùgbọ́n a kò ní pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. A ó ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ pé ọmọ ti lọ. Òbí ni yóò béèrè bí ó ti parí, ní ire tàbí ní ibi. Bí ó bá béèrè, orúkọ kúrò nínú ìwé. Bí kò bá béèrè, orúkọ wà níbẹ̀, a ó sì kọ defunct sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí ni pé ó ti di aláìsí.

Àwọn Òyìnbó ń pè é ní zombie. Ẹ má ṣe rò pé àkúdàáyà wa ni. Àkúdàáyà a máa ṣòwò, a máa fẹ́yàwó ní ìlú òkèèrè. Èyí kò jẹ, kò mu. Ó dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́, tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà tán, tí ó padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí àgbà tí ó rán an kò sì wo ojú rẹ̀ kí ó wí pé, ‘O káre.’

Ta ni kí a bá wí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kọjú ìjà sí ọmọ, wọn a ní kí ẹ̀rọ pa á. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè pa òkú? Ẹlòmíràn a wí pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ lópin. Fún ọdún pípẹ́, 32,768 ni òǹkà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti pọ̀ sí i lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní. Bí òbí kan bá ń bímọ tí kò sin ọ̀kan, ìwé yóò kún, ọmọ ẹlòmíràn kò sì ní rí àyè. Nígbà náà a ó fi òpin sí òbí náà, iṣẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 yóò gba àwọn ọmọ rẹ̀, yóò sì sin wọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere tí òbí ń ṣe lọ́wọ́ yóò bá a lọ.

Irú ọ̀ràn yìí wà láàárín àwọn tí ń ṣe ètò pẹ̀lú. Ní Debian, ẹgbẹ́ tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa kó ètò Linux jọ, ètò méjì du orúkọ kan, node: ọ̀kan jẹ́ ti àwọn oníredíò, èkejì jẹ́ Node.js. Òfin wọn ni pé kí àwọn olùtọ́jú méjèèjì fikùn lukùn; bí wọn kò bá rẹ́, kí méjèèjì pàdánù orúkọ náà. Olúkúlùkù ń retí kí ẹnìkejì yẹ̀. Ní 2012 ìgbìmọ̀ àwọn àgbà wọn dá sí i: ọ̀kan di ax25-node, èkejì di nodejs.

Nọ́ńbà 1 àti ìgbìmọ̀ yìí ṣe ohun tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ àgbà kì í dé láìgba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹni tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí kò ṣe lọ́rùn ẹni tí ó yẹ kí ó gba ìròyìn, tí kò gbà á. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yín lónìí, tí ẹ kò tíì kí i kú iṣẹ́?