Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí Erinmi Pa Mí

Ẹni tó yẹ kí wọ́n ti máa dárò rẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí kì í bá ṣe ti Ọlọ́run ni, ohun tí ẹ̀ bá gbọ́ ni pé olùkọ́ obìnrin kan láti Ìbàdàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ikú ní Kẹ́ńyà, àwọn ẹlẹ́nu ì bá sì ti fi kún un pé, "Kí ló tiẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀?" Àmọ́ èmi rèé! Mò ń mí, mò ń jẹun, mo sì ní ẹnu tí mo fi ń dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn ẹlẹ́nu lóhùn. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya Àfonífojì Ńlá ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sójú pátákó, tí mò ń ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń ya sọ́tùn-ún sósì tí àárín rẹ̀ ń rì, tí òkè oníná sì ń yọ sókè níbi tó ti ya. Mi ò fojú ara mi rí i rí. Nígbà tí àjọ mi kó, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo wá ẹni tí a jọ máa lọ, mi ò rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí òun bá fẹ́ wo ẹranko, òun á lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, òun á sì padà wá se ọbẹ̀ alẹ́. Màmá mi ní, "Ìwọ nìkan? Obìnrin?" Mo ní, "Màmá, èmi àti Ọlọ́run ni." Wọ́n wò mí títí, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà tó gùn. Ẹ fọkàn sí àdúrà yẹn o!

Àdánwò kékeré ló kọ́kọ́ pàdé mi. Nígbà tí mo gúnlẹ̀ ní Nairobi, ẹrù gbogbo èèyàn jáde, tèmi kò jáde. Oṣù Keje ni, ìgbà òtútù wọn sì nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló ń móoru bíi ti Èkó, ẹ gbọ́ o: Nairobi fi ohun tó lé ní mítà 1,700 ga ju òkun lọ! Ìborùn tó wà lọ́rùn mi ni mo fi bora sùn, eyín mi ń gbá ara wọn. Ṣùgbọ́n báàgì dé lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ kan kò sọnù nínú rẹ̀. Ògo!

Mo lọ sí ọgbà ẹranko ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà gan-an, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946. Inú ọkọ̀ la wà. Àgùnfọn dúró, ó ń já ewé jẹ, àwọn ilé gogoro Nairobi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kìnnìún kan sùn sábẹ́ igi, kò tilẹ̀ bojú wò wá. Mo ní ṣé ẹranko tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà mí nìyí?

Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ mátátù, bọ́ọ̀sì kékeré wọn tí ariwo orin rẹ̀ ju ti dánfó lọ, ó di Naivasha. Níbi tí ọ̀nà ti ń yí sọ̀kalẹ̀ lára òkè, ilẹ̀ kàn dédé tán lójú mi. Àfonífojì náà rèé! Ó lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú fi sú, òkè Longonot dúró sí àárín rẹ̀, mítà 2,776, pẹ̀lú ẹnu ńlá tí iná ti jáde nígbà kan. Mo bú sẹ́kún nínú mátátù. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé wọ́n ti túfọ̀ fún mi lórí fóònù, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kò gbà sójú pátákó?

Etí adágún omi Naivasha ni mo wọ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń fi àgọ́ gba àlejò. Wọ́n fi wáyà oníná dí gbogbo ìhà tó kọjú sí omi. Ọlọ́dẹ wọn mú mi yíká, ó sì kìlọ̀ fún mi: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn erinmi á jáde nínú omi wá jẹ koríko, ọ̀kan ṣoṣo sì lè jẹ tó 40 kìlò lóru. Wọn kì í pa èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n bí erinmi bá wà lórí ilẹ̀, tí o wá wà láàárín òun àti omi, ó parí. Omi ni ilé rẹ̀, ó sì gbà pé o dínà ilé mọ́ òun ni. Ó ní ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i, nítorí láti bí ọdún 2020 ni adágún náà ti kún kọjá ààyè rẹ̀, ó ti bo pápá koríko etí omi mọ́lẹ̀, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ onílé kúrò nílé. Àwọn erinmi wá ń jẹko wá sáàárín èèyàn.

Lóru yẹn mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwọn bàbá tó jókòó ti agbè ẹmu! Mo rẹ́rìn-ín tèmi náà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ pé a máa pàdé.

Nígbà tó yá, mo háyà kẹ̀kẹ́ lọ sí Hell's Gate, ọgbà tí wọ́n ti gba èèyàn láyè láti gun kẹ̀kẹ́ láàárín ẹranko. Áà, ẹ̀yin ará mi! Ẹṣin abilà lọ́tùn-ún, àgùnfọn lósì, àwọn ìmàdò na ìrù sókè wọ́n ń sá kiri. Bí mo ṣe yọ sí kọ̀rọ̀ òkúta kan, ẹfọ̀n rèé! Akọ ni, ó ti dàgbà, ó dá dúró. Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, mo sì mọ̀ bí àwọn oníjàálá ṣe ń fi ìbẹ̀rù ki ẹran yìí. Mo dúró gbagidi. Ó wò mí, mo wò ó. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó wọgbó lọ. Mo kọrin ìyìn láti ibẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Mo rò pé ẹ̀rí tí mo máa jẹ́ nílé ti pé.

Kò tíì pé! Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ já bí mo ṣe jáde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Fóònù mi ti kú. Ẹ̀bá ìlà tó pín ayé sí méjì ni Naivasha wà, oòrùn ibẹ̀ kì í rọra wọ̀. Bó ṣe ń lọ báyìí, òkùnkùn ti dé. Àwọn bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ oko òdòdó ń kọjá fìrì, àwọn tó ń gbin òdòdó róòsì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé lọ sí Yúróòpù. Mo na ọwọ́, wọ́n ti kún, wọn kò lè dúró. Mo yà sí ọ̀nà eruku tó lọ sí ibùdó wa. Omi adágún tó kún ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lápá òsì mi, igi akàsíà ẹlẹ́gùn-ún wà lápá ọ̀tún. Mo ti ń rí iná ibùdó lọ́ọ̀ọ́kán. Inú mi ti ń dùn.

Òkúta ńlá kan wà lórí koríko lápá ọ̀tún yẹn. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń bọ̀. Òkúta náà gbórí sókè.

Olúwa mi! Erinmi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì, èmi ni mo wà láàárín! Ohun tí wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ fún mi gan-an! Ẹsẹ̀ mi kò gbé, ohùn kò jáde. Ẹran tó lè wọ̀n ju 1,500 kìlò lọ, tó sì lè sáré tó kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ó ya ẹnu rẹ̀, mo rí eyín. Ó mí pàù! Ó sì bọ̀!

Mi ò mọ ẹni tó gbé mi. Mo kàn bá ara mi lẹ́yìn igi akàsíà kan ni, ẹ̀gún ti gún mi lọ́wọ́ àti léjìká, kẹ̀kẹ́ sì ti ṣubú sójú ọ̀nà. Erinmi náà bá kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀yin ará, irin ké! Ó tẹ̀ ẹ́, ó bu ú jẹ, ó jù ú nù. Mo rò pé yóò kọjá sínú omi. Kò kọjá. Ó yíjú sí igi mi. Mo ń gbóòórùn rẹ̀. Igi náà kò nípọn tó mi. Mo rí ojú màmá mi. Mo ní nínú mi pé, ta ni yóò sọ fún wọn? Ohùn mi wá jáde nígbà náà, mo fi gbogbo agbára mi ké pe, "Jésù!"

Iná là! Ọ̀kadà kan yọ lójijì láti ẹ̀yìn igbó, iná iwájú rẹ̀ tan sí ẹranko náà lójú, ọmọkùnrin tó gùn ún tẹ fèrè, kò sì tú ọwọ́ lára rẹ̀. Erinmi náà mi orí, ó yí ara rẹ̀ padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, mo sì gbọ́ bí omi ṣe gbà á.

Halleluyah! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀!

"Pole, Mama, pole," ìyẹn "pẹ̀lẹ́" lédè Swahili, ni ọmọkùnrin náà ń wí bó ṣe ń yọ ẹ̀gún lára ìborùn mi. Apẹja ni. Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú kí orí mi wú: kì í gba ọ̀nà yẹn rárá lálẹ́! Lọ́rì kan ló kú sójú títì, ó dábùú ọ̀nà, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́kadà wá ọ̀nà mìíràn gbà. Mo bẹ onílọ́rì náà kó foríjì mí, ìnáwó ńlá ni ọkọ̀ tó kú. Àmọ́ èmi mọ ìdí tí ọkọ̀ rẹ̀ fi kú.

Nígbà tí a dé ibùdó, ọlọ́dẹ wọn wò mí, ó jókòó sílẹ̀. Òun ló wá sọ fún mi pé lọ́dún 2018, erinmi pa arìnrìn-àjò kan láti Taiwan létí adágún yẹn, níbi tó ti ń ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kí ni mo fi ju ẹni yẹn lọ? Mi ò rí ìdáhùn, mo kàn ń dúpẹ́, mo sì ń gbàdúrà fún àwọn tó fi sílẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí nínú ìjọ kékeré kan ní Naivasha. Mo ń sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin kan ń gbé e sí Swahili, bó sì ṣe dé ibi tí iná là, àwọn ìyá ibẹ̀ fi ahọ́n ké ìké ayọ̀ tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí! Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kọ owó tí mo fún un. Ó ní òun á fi kẹ̀kẹ́ wíwọ́ náà kọ́ sára ògiri, kí àlejò máa wò ó. Ìwọ tó ń ka èyí, tí nǹkan ya ẹnu sí lọ́tùn-ún tí omi wà lósì, ké pè é! Ó lè jẹ́ pé ibi kan ni lọ́rì ti ń kú nítorí tìrẹ báyìí.

Mo pe màmá mi. Bí mo ṣe ń ròyìn ni wọ́n ń dáhùn pé "Ó ṣeun, Baba!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ó yá, máa bọ̀ nílé."

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojúurin tó ń lọ sí Mombasa."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Gbórí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà.