Ó Ha Tọ́ Kí Á Sanwó fún Onílẹ̀ Kí Ó Tún Ilẹ̀ Rẹ̀ Ṣe?

Ọ̀ràn kan ń bẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí àwa náà rò jinlẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ìlú ran àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè sọ ilẹ̀ gbígbòòrò di ibùgbé ẹyẹ, ẹranko àti ewéko padà. Landscape Recovery ni orúkọ ètò náà. Ní ọdún 2022 a yan iṣẹ́ 22 fún ìpín kìíní. Ní ọdún 2023 a tún yan 34. Kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì, nítorí àdéhùn rẹ̀ lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ha tọ́ kí á sanwó fún ènìyàn nítorí pé ó tọ́jú ohun ìní ara rẹ̀?

Àwọn kan wí pé kò tọ́. Wọ́n ní, èéṣe tí a ó fi gba owó orí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní ilẹ̀ rárá, tí a ó sì gbé e fún ọlọ́rọ̀? Wọ́n tún ní, bí a bá ń sanwó fún ojúṣe, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣe ojúṣe rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, kò sì yẹ kí á fi ojú tín-ín-rín wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí ilẹ̀ náà ti ṣe bàjẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ìjọba fọwọ́ sọ̀yà owó irè oko nípa òfin ọdún 1947. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ìjọba kan náà ni ó fi owó ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti fa omi irà gbẹ, àti láti hú àwọn ọgbà igi tí ó pààlà oko, níbi tí ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ sí. Nítorí náà, onílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Gbogbo ìlú ni ó jẹ nínú oúnjẹ náà. Gbogbo ìlú ni ó yẹ kí ó san nínú gbèsè rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan sì wà. Ẹni tí ó da ẹ̀gbin sínú odò ń ṣe ibi sí aládùúgbò rẹ̀. Òfin ni ó yẹ kí ó dá a lẹ́kun, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ̀ǹda pápá àlìkámà rẹ̀ kí odò lè tàn ká lórí rẹ̀, kí omíyalé má baà dé bá ìlú tí ń bẹ nísàlẹ̀, ó ti pàdánù èrè nítorí ẹlòmíràn. Owó tí a fún un kì í ṣe ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ ni.

Bí ó bá sì jẹ́ owó iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ náà. Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tí ó ní igba ni òun gbìn, nígbà tí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ jẹ́ kí á ka ẹyẹ, kí á wọn omi, kí á tó kawó.

Ó tún ku ọ̀ràn àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ oko Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí kì í ṣe onílẹ̀. Bí owó Ìjọba bá ju ìṣákọ́lẹ̀ lọ, kí ni yóò dá onílẹ̀ dúró kí ó má lé àgbẹ̀ náà kúrò? Ìgbìmọ̀ tí Kate Rock ṣe alága rẹ̀ gbé ọ̀ràn àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí yẹ̀ wò nínú ìròyìn rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Bí ẹyẹ bá padà sí ilé, tí ọmọ ènìyàn sì di aláìnílé, a kò tíì tún ilẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ó tọ́ kí á sanwó, níwọ̀n ìgbà tí onílẹ̀ bá fi èrè sílẹ̀ ní tòótọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn, tí àgbẹ̀ tí ń ro ilẹ̀ náà sì ní ìpín tirẹ̀. Láìsí èyí, òṣìṣẹ́ aláìnílẹ̀ nì ni ó jàre.