Àléébù tí oòrùn ń gbé jáde

*ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* Lúùkù 22:31-34, 54-62; Jòhánù 21:9-17

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan fún yín láàárọ̀ yìí. Ó kan ọkọ̀ mi, ó sì kan èmi fúnra mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ọkọ̀ mi. Tòkunbọ̀ ọdún 1994 ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń ṣe mí bó ṣe wù ú. Láàárọ̀, tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti sítáàtì. Àmọ́ tí mo bá gbé e dé Ìkàrẹ́, tí mo páàkì ẹ̀ sínú oòrùn, tí mo padà dé ìdí ẹ̀, a ó kàn máa yí i kùrù-kùrù-kùrù ni, kò ní dáhùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ tutù, á tún sítáàtì bíi pé kò ṣe nǹkan kan rí. Tí mo bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní ṣe é lójú wọn?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í náwó nìyẹn. Ẹnì kan ní plọ́ọ̀gì ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹnì kan ní bátìrì ni, mo ra tuntun. Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, arákùnrin kan ní pọ́ǹpù epo ni, ó dá òun lójú. Mẹkáníìkì mi, bàbá àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, ní ká ní sùúrù, ká wò ó dáadáa. Mo ní rárá, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ tún kọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo gbé ìyá mi lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ní Ìkàrẹ́, ọ̀sán gangan sì ni a jáde. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, òógùn bò mí. Mo bá pe mẹkáníìkì lórí fóònù. Ẹ̀yin ará, ohun tí mo sọ fún bàbá yẹn, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Mo pè wọ́n lólè. Mo ní pọ́ǹpù àlòkù ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ mi. Èmi tí mo wàásù lórí ìkóra-ẹni-níjàánu ní Sọ́ńdè tó ṣáájú! Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọkọ̀ sítáàtì, a gba Ọ̀kà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà ló pè mí. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ajíhìnrere, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ yìí wá, ara ẹ̀ ti yá. Kí lẹ fẹ́ kí n wò lára ẹni tí ara ẹ̀ ti yá? Ẹ gbé e wá láàárọ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọ́n ti gbogbo wíńdò pa. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ó kọ̀. Inú wọn dùn! Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n gbọ́. Wọ́n ní irú ọkọ̀ yìí, tá a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì ẹ̀, ó yẹ kí pọ́ǹpù inú táńkì dún "yìnnn" fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 2, kó ti epo síwájú, kó tó dákẹ́. Wọ́n ní tó bá dún, àmọ́ tí ọkọ̀ ń kú tó bá ń gun òkè Ọ̀kà, fílítà àti ìdọ̀tí inú táńkì ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ti èmi ò dún rárá. Wọ́n fi tẹ́sítà kan wáyà pọ́ǹpù, iná ò dé ibẹ̀. Pọ́ǹpù tí mo ní kí wọ́n yọ dànù, kò ṣe nǹkan kan.

Wọ́n wá tọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n yọ relay jáde, ìyẹn àpótí kékeré tó ń fún pọ́ǹpù níná. Wọ́n ṣí i, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi. Lẹ́ẹ̀dì tó di ẹsẹ̀ irin kan mú ti sán yíká, ó tín-ín-rín bí irun orí. Tí ooru bá mú un, ojú ibẹ̀ á là, iná á já. Tó bá tutù, wọ́n á tún fara kanra. Wọ́n fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Iṣẹ́ ọ̀hún ò tó ìdajì wákàtí.

Mo ròyìn fún ìyá mi nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, oòrùn ló mú ìwọ náà lọ́jọ́ yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ wo Pétérù. Nídìí oúnjẹ alẹ́, tí ara tutù, ó ní òun á bá Jésù dé ẹ̀wọ̀n, òun á bá a dé ojú ikú. Kò purọ́, bí ọkàn ẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ìbẹ̀rù mú un nídìí iná tí wọ́n dá ní àgbàlá, ó sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jésù ti mọ ibi tó ti sán kó tó di alẹ́ yẹn, ó sì ti gbàdúrà fún un. Jòhánù sọ fún wa pé iná èédú ni wọ́n ń yá ní àgbàlá náà. Lẹ́yìn àjíǹde, iná èédú náà ló wà létí òkun níbi tí Jésù ti bi Pétérù lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó fẹ́ràn òun. Olúwa ò pààrọ̀ Pétérù. Ibi tó sán gan-an ló fọwọ́ kàn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pààrọ̀ nǹkan. Ilé ò tòrò, a pààrọ̀ ìjọ. Inú ń bí wa ṣáá, a lọ ra òróró. Ní Sọ́ńdè, lábẹ́ fáànù, gbogbo wa là ń sítáàtì. Ohun tó ń jáde lẹ́nu wa nígbà tí owó tán, tí ọmọ fọ́ àwo, tí ẹnì kan já wa kulẹ̀, òun ni ká gbé lọ bá Olúwa nígbà tó ṣì gbóná. Ká má dúró dìgbà tí ara bá tutù, tí a ó wá máa sọ pé, "Èmi kọ́, iṣẹ́ èṣù ni."

Ní Sátidé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, torí pé gbogbo wọn ló gbọ́ èébú mi; orí sípíkà ni fóònù wà. Ó nira fún mi ju owó pọ́ǹpù lọ. Ta ni ìwọ náà sọ̀rọ̀ sí nígbà tí oòrùn mú ọ? Pè é lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

*Àdúrà:* Olúwa, yẹ̀ mí wò nígbà tí ara mi bá gbóná. Fi ibi tó ti sán hàn mí, má sì jẹ́ kí n sá nígbà tí o bá fẹ́ tún un ṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ọjọ́ òní á tù wá lára.